Ìdíje Oníwèé-Ìpè Nínú Bọ́ọ̀lù Obìnrin: Ta Ní Ń Pè, Ta Ní Ń Lọ, Kí Sì Ni Ife Rẹ̀ Wà Fún?

Láti ìgbà tí Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ti na Mòrókò 3-2 ní Rabat lóṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn tí Mòrókò ti kọ́kọ́ fi góòlù méjì ṣíwájú, ìbéèrè kan ń jẹyọ ṣáá níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Lágere àti Sábó nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àwọn èèyàn á rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé Amẹ́ríkà, Jàpáánù àti àwọn mìíràn ń du ife kan tí wọ́n ń pè ní SheBelieves Cup, wọ́n á wá béèrè pé: "Ṣebí àwa la gba ti Áfíríkà, ìgbà kẹwàá sì nìyẹn. Kí ló dé tí a ò sí níbẹ̀?" Ẹnì kan á ní àjọ NFF tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ló sùn. Ẹlòmíràn á ní ojúsàájú ni. Ẹni kẹta á fọwọ́ dà á nù pé ife yẹn kì í ṣe ife gidi, ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ lásán ni wọ́n ń gbá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ibi tí wọ́n ti tọ̀nà díẹ̀, kò sì sí èyí tó gbá ọ̀rọ̀ náà wọlé nínú wọn.

Oríṣi ìdíje méjì ló wà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè. Èkíní ni èyí tí àwọn àjọ ńlá gbé kalẹ̀: FIFA fún gbogbo àgbáyé, CAF fún Áfíríkà. Ìyẹn ní ọ̀nà tó là sílẹ̀. Ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù láti pegedé, ẹni tó bá yege á lọ, ẹni tó bá pàdánù á jókòó sílé. Èkejì ni ìdíje oníwèé-ìpè. Orílẹ̀-èdè kan ló máa pinnu pé òun fẹ́ ṣe ìdíje, á yan àwọn tó wù ú, á kọ̀wé sí wọn, àwọn náà á sì dáhùn bóyá àwọn á wá tàbí àwọn ò ní wá. Kò sí ife kankan tí ẹ lè gbà tó máa sọ ọ́ di dandan kí wọ́n pè yín.

Ká ní àwọn ọmọ Ifẹ̀ kan dáwó jọ láti ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù obìnrin ní pápá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n wá kọ̀wé sí Iléṣà, Òndó àti Òṣogbo. Ìkirè lè máa wò ó pé àwọn gbọ́n bọ́ọ̀lù ju Òndó lọ, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí Ìkirè lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Ẹni tó ni pápá, tó sanwó rẹfirí, tó ń fún àlejò lóúnjẹ, òun ló ni ìwé ìpè.

Bí SheBelieves Cup ṣe rí gan-an nìyẹn. Àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ni ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016, orúkọ rẹ̀ sì wá láti ara ìpolongo tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọbìnrin ṣáájú ife àgbáyé ọdún 2015. Jámánì, Faransé àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ pè, àwọn mẹ́ta yìí náà ni wọ́n sì ń pè títí di 2018. Lẹ́yìn náà ni Jàpáánù, Bràsíìlì, Sípéènì, Kánádà àti àwọn mìíràn wọlé. Láti 2016 títí di 2025, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbá Áfíríkà jáde. Wọn ò pe Áfíríkà rárá ni. Ó dùn mí, mi ò ní fi pa mọ́, torí mo gbà pé Nàìjíríà yẹ ní ẹni tí wọ́n ń pè. Àmọ́ ká mọ ohun tó ń dùn wá: wọn ò gba ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ wa, àǹfààní kan ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kan wáyé ní 2021 tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Jàpáánù wà lára àwọn tí wọ́n pè lọ́dún náà, ṣùgbọ́n nítorí àrùn kòrónà, wọ́n ní àwọn ò lè wá mọ́. Wọ́n pe Ajẹntínà dípò wọn, ìdíje sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá Ajẹntínà pegedé, torí kò sí ohun tí èèyàn ń pegedé sí.

Ó tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ irú ìdíje yìí kì í ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá ní máàkì jù lọ ló ni ife. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kan lè gba ife kó tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó ṣètò ìdíje ló ń yan ìlànà, ó sì lè yí i padà bó bá wù ú. Ní 2024, àwọn ará Amẹ́ríkà yí ti wọn padà, wọ́n ní kí àṣekágbá wà, pẹnárítì ni wọ́n sì fi borí Kánádà.

Ní ti òfin, ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ inú ìdíje oníwèé-ìpè. Ife tó wà lórí tábìlì kò yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò sí ní àkọsílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè kan bá pàdé ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè mìíràn, góòlù tí agbábọ́ọ̀lù bá gbá wọlé wà nínú iye góòlù rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. FIFA náà á kà á sínú àtẹ tí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn obìnrin láti 2003, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an sí ti ife àgbáyé. Ibi tó ti dojú rú ni bí wọ́n bá pe ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kejì 2021, Super Falcons lọ sí Tọ́kì fún irú ìdíje yìí, wọ́n sì gba ife rẹ̀. Wọ́n na Uzbekistan 9-1 níbẹ̀. Wọ́n tún na CSKA Moscow, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀bù ni CSKA, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà. Ti Uzbekistan wà nínú ìwé. Ti CSKA kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje kan náà ni, ife kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ èyí tí àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun yẹ kó mọ̀ dáadáa. Bí ọmọ tó ní ìwé ìrìnnà méjì bá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè kan nínú ìdíje àjọ ńlá, bí ife àgbáyé tàbí ife Áfíríkà tàbí ìdíje láti pegedé sí wọn, òfin bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ orílẹ̀-èdè náà, ìwọ̀nba àyè díẹ̀ ló sì wà láti tú okùn yẹn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kì í so èèyàn bẹ́ẹ̀, ìdíje oníwèé-ìpè sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi fẹ́ràn láti pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀: àwọn á wò ó, òun náà á wo ilé, kò sí ẹni tó ti fọwọ́ síwèé. Super Falcons ti jèrè púpọ̀ lára àwọn ọmọ tí a bí sókè òkun. Ashleigh Plumptre gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Toni Payne gbá a fún àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, kí àwọn méjèèjì tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé.

Èwo wá ni ti àkókò? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni wọ́n sábà máa ń ṣe wọ́n? Kílọ́ọ̀bù ló ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù, FIFA sì ti ya àwọn ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún tí kílọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda wọn fún orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kílọ́ọ̀bù láṣẹ láti ní rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ìdíje ńlá kì í pọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tó fẹ́ pe àlejò sì máa ń sáré sí. Ìdí nìyí tí SheBelieves Cup ti Amẹ́ríkà, Algarve Cup ti Pọtogí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, Arnold Clark Cup tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2022 àti Tournoi de France fi máa ń bọ́ sí ìgbà kan náà nígbà tí gbogbo wọn ṣì ń wáyé. Orílẹ̀-èdè kan kò lè lọ sí méjì nínú wọn. Bí Faransé bá ti jókòó sílé láti gbàlejò, Amẹ́ríkà ní láti wá ẹlòmíràn.

Bí àkókò yẹn bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ní 2018, Netherlands àti Swídìn wọ àṣekágbá Algarve Cup, òjò sì rọ̀ débi pé pápá kò ṣe é gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ká ní ife àgbáyé ni, wọn ì bá sún un sí ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwọn kílọ́ọ̀bù ń retí àwọn ọmọ wọn, bàálù ń dúró. Wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ pín ipò kìíní.

Ẹni tó bá ń fojú kéré irú ìdíje yìí nítorí pé ìwé ìpè ni, ẹ bá mi sọ ìtàn ọdún 1988 fún un.

Ṣáájú ìgbà yẹn, FIFA ò ní ife àgbáyé kankan fún àwọn obìnrin. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láìsí FIFA. Ní 1971, wọ́n ṣe ìdíje kan ní Mẹ́síkò tí èrò kún pápá Azteca bámúbámú fún àṣekágbá rẹ̀. Denmark ló gba ife náà. FIFA kò kà á sí. Nígbà tó di 1986, àjọ FIFA ṣe ìpàdé gbogbogbòò ní Mexico City, obìnrin ará Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Ellen Wille sì bọ́ síwájú láti sọ̀rọ̀. Kò sí obìnrin tó tíì sọ̀rọ̀ nípàdé náà rí. Ó ní ó ti tó àkókò tí àwọn obìnrin náà yẹ kó ní ife àgbáyé tiwọn. João Havelange ni ààrẹ FIFA nígbà náà, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà àjọ náà ń bẹ̀rù: ṣé èrò á wá wò ó? Ṣé bọ́ọ̀lù náà á dára tó? Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò.

Ìdíje oníwèé-ìpè ni wọ́n fi dán an wò. Ní oṣù Kẹfà 1988, FIFA pe orílẹ̀-èdè 12 sí ìpínlẹ̀ Guangdong ní Ṣáínà. Láti Áfíríkà, Côte d'Ivoire nìkan ni wọ́n pè. Nọ́wè na Swídìn 1-0 nínú àṣekágbá. Èrò wá, bọ́ọ̀lù náà sì dùn-ún wò, nígbà tí oṣù yẹn á sì fi parí, FIFA ti fọwọ́ sí i pé kí ife àgbáyé obìnrin bẹ̀rẹ̀. Ní 1991, ní Guangdong kan náà, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 12 kan náà ní iye, wọ́n gbá àkọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Áfíríkà ní láti gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń lọ, Nàìjíríà sì ló borí, Kamẹrúùnù la nà kẹ́yìn. Ìwé ìpè ló gbé Côte d'Ivoire dé Ṣáínà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ló gbé tiwa débẹ̀. Wọ́n na wá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Jámánì 4-0, Ítálì 1-0, Táíwàn (tí wọ́n ń pè ní Chinese Taipei) 2-0, ṣùgbọ́n láti ọdún náà títí di 2023, kò sí ife àgbáyé obìnrin kan tí Nàìjíríà kò lọ. Ìgbà mẹ́sàn-án gbáko. Orílẹ̀-èdè tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé yìí.

Ó wá ku ibi tí àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù ní Lágere: ṣé èsì irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ń sọ ohun tó ń bọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi tiwa wò ó.

Lẹ́yìn ti Tọ́kì, Super Falcons lọ sí Texas lóṣù Kẹfà 2021, Amẹ́ríkà ló pè wọ́n pẹ̀lú Jàmáíkà àti Pọtogí. Wọ́n pàdánù sí Jàmáíkà 1-0, wọ́n ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Pọtogí, Amẹ́ríkà wá nà wọ́n 2-0. (Ẹ rí i pé Amẹ́ríkà mọ àdírẹ́sì wa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé.) Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwa náà gbàlejò. Wọ́n fi orúkọ ìyàwó ààrẹ ìgbà náà sọ ọ́, Aisha Buhari Cup, pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan l'Ékòó ni wọ́n sì lò. Gúúsù Áfíríkà, Gánà, Kamẹrúùnù, Mali àti Mòrókò ni àwọn tó wá. Gúúsù Áfíríkà na wá 4-2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n gbé ife lọ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé wa.

Ọ̀pọ̀ ló ní ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni, kò já mọ́ nǹkan. Ní oṣù Keje 2022, a tún pàdé Gúúsù Áfíríkà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a kọ́kọ́ gbá ní ife Áfíríkà ní Mòrókò. Wọ́n na wá 2-1, wọ́n sì gba ife náà nígbẹ̀yìn. Ohun tí Èkó ti fi hàn wá lóṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ló tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ má sì fìyẹn sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ní oṣù Kejì 2023, a lọ sí Mẹ́síkò fún ìdíje mìíràn tí wọ́n pè wá sí, Revelations Cup. A pàdánù sí Mẹ́síkò, a pàdánù sí Kòlóńbíà, Kosta Ríkà nìkan la borí. Ẹni tó bá wo ìyẹn á ní ife àgbáyé ọdún náà á bàjẹ́ fún wa. Nígbà tó tó àkókò, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Kánádà tó gba wúrà Òlíḿpíìkì, a na Ọsirélíà 3-2 nínú ilé wọn, a bọ́ sí ìpele kejì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì rí góòlù kankan gbá sínú àwọ̀n wa ní gbogbo 120 ìṣẹ́jú. Pẹnárítì ni wọ́n fi yọ wá.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe iye góòlù ló yẹ kí èèyàn máa wò nínú irú ìdíje yìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi aṣọ́lé kẹta sínú ilé kó lè mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le tó. Ó lè gbé ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lọ sí àárín. Ohun tó yẹ ká wò ni bí ẹgbẹ́ ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́yìn nígbà tí àwọn tó lágbára bá ń lé wọn, àti bóyá àṣìṣe tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tún wáyé lọ́jọ́ kẹta. Ní Èkó 2021, ẹ̀yìn wa ló ń já, góòlù mẹ́rin sì ń pariwo rẹ̀. Ní Mẹ́síkò 2023, a pàdánù, ṣùgbọ́n wọn ò fọ́ wa.

Ẹ tún fi ti Gánà kún un kí ìyàtọ̀ oríṣi ìdíje méjèèjì yìí lè yé wa tán. Gánà wá sí Èkó lóṣù Kẹsàn-án 2021, wọn ò rí ife gbà, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ sílé, ìgbésí ayé ń lọ. Lóṣù Kẹwàá, a tún pàdé wọn, ṣùgbọ́n CAF ló ni ìyẹn, láti pegedé sí ife Áfíríkà ni. A nà wọ́n 2-0 l'Ékòó, wọ́n nà wá 1-0 ní Accra, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2-1. Góòlù kan péré yẹn ló jẹ́ kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù Gánà fi tẹlifíṣọ̀n wo ife Áfíríkà ọdún 2022.

Owó náà kò ṣe é fò. Ẹni tó bá pe àlejò ló sábà máa ń gbé ìnáwó hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ, àti bàálù nígbà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn bá ṣe rí. Tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n àti onígbọ̀wọ́ ló fi ń rí i gbà padà. Arnold Clark tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ife wọn, ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò ni. Bí ẹni tó ń pe àlejò bá ń wá ẹgbẹ́ tó máa mú kí tíkẹ́ẹ̀tì tà, orúkọ tí àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń dúró de ìwé ìpè lè dúró pẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìbéèrè tí àwọn ará wa ń bi NFF yẹ kó yí padà díẹ̀. Dípò "kí ló dé tí Amẹ́ríkà kò pè wá?", ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí ló dé tí àwa náà kò pe èèyàn mọ́. Láti 2021 tí a ti ṣe ti Oníkan, a ò tún rí irú rẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Mòrókò tí a pè wá nígbà náà gba àlejò ife Áfíríkà ọdún 2022 àti èyí tí wọ́n gbá ní 2025, ó sì dé àṣekágbá nínú méjèèjì. Wọ́n ti fi owó, pápá àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ púpọ̀ kọ́ ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, àwa la gba ife náà ní 2025. Bí NFF bá wá onígbọ̀wọ́, tí wọ́n kọ̀wé sí Sáńbíà, Gúúsù Áfíríkà, Gánà àti Mòrókò fún ọjọ́ tí FIFA ti yà sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn ní Lágere á wọ mọ́tò lọ sí Èkó láti lọ wo Rasheedat Ajibade, agbábọ́ọ̀lù Super Falcons, lójú ara wọn. Èmi náà á wà nínú mọ́tò náà.